Wàrà Hó, Ọmọ Wa Kò Rí I

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi ìkánjú sí apá kan, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í yá lẹ́nu. Èmi Tilakasiri, ọkọ Malkanthi, ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ bíbí inú mi síta. Ìlà kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán gangan ni kọ́kọ́rọ́ tí mo lò. Òjò ń rọ̀ sórí ìlú Kòlóńbò lọ́jọ́ náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ mu tíì, kò sì sí ẹni tí ó rí mi.

Sanuka ni ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Nígbà tí ó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ irin kan ní Kòríà, ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú sàráà oṣù mẹ́ta ìyá ìyàwó mi tí ó di olóògbé. Malkanthi bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró, kí ó bá wa gbé oúnjẹ fún àwọn àlùfáà Búdà ní orúkọ ìyá àgbà. Ọmọ náà ní àwọn ará Kòríà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ tí ó ń lọ, ó di ewé bẹ́tẹ́lì tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún òbí mú, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ láti gba ìsúre. Malkanthi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Màámi, ẹ má ṣe báyìí fún mi. Ọkọ̀ ń dúró níta."

"Kó máa dúró. Ìyá tó bí mi náà ṣì ń dúró de oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ. Sanuka, bí o bá fẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn lónìí, ìkòkò wàrà ọdún mi, o ò ní fojú rí i mọ́."

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bí ó ti fọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọdún Àwúrúdù bá ń wọlé, ìyá ilé a dá iná tuntun ní ìṣẹ́jú tí àwọn awòràwọ̀ yàn, èyí tí à ń pè ní nékátà. A gbé wàrà ka iná náà nínú ìkòkò tuntun. Bí wàrà bá hó tí ó ṣàn kọjá etí ìkòkò, ọdún ti dé. Ìyá tí ó bá wí fún ọmọ pé kò ní rí ìkòkò òun mọ́ ti yọ ọ́ kúrò nínú ọdún.

Ọmọ náà fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó sì lọ.

Àwúrúdù mẹ́ta kọjá láìsí ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Èmi ni mo wá di afárá. Bí mo bá ń bá Sanuka sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mà á ní, "Ìyá rẹ ń béèrè rẹ." Kò béèrè rẹ̀. Bí mo bá padà dé ilé ìdáná, mà á ní, "Ọmọ rẹ bi mí nípa orúnkún rẹ." Kò bi mí. Mo pe irọ́ wọ̀nyẹn ní òróró. N kò mọ̀ pé orí òróró náà ni èmi fúnra mi yóò ti yọ̀ ṣubú.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ẹgbẹ́ àwọn ìdílé tí ọmọ wọn wà ní òkèèrè gbé iṣẹ́ kan fún ilé-iṣẹ́ kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ ìkànnì ayélujára tí ìyá yóò ti fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ gbé ìkòkò wàrà hàn, tí ọmọ tí ó wà lókèèrè yóò sì máa wò ó. Ojú-ewé ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò ṣí ní nékátà gan-an, kò ní ṣí ṣáájú. Nígbà tí wàrà bá hó tán, yóò padé. Nékátà kì í dúró de ẹni tó pẹ́.

Sanuka gbọ́ nípa rẹ̀ ní Kòríà. Ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi.

"Bàbá, mi ò ní kí Màámi bá mi sọ̀rọ̀. Kí wọ́n ṣáà fi ìkòkò wọn hàn mí. Fóònù kì í wọ ilé-iṣẹ́ wa, àmọ́ kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ìsinmi, ọ̀gá mi sì ti gbà kí n yọ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí mo bá rí i, mo mọ̀ pé wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lórí mi, mà á sì wálé. Tí mi ò bá rí i, mi ò ní da yín láàmú mọ́."

Mo kà á sí etí Malkanthi níbi tí ó ti ń rin àgbọn. Ó rin àgbọn náà títí irin fi kan èèpo.

"Ṣé ojú-ewé yẹn máa ṣí lóòótọ́?"

"Á ṣí."

"Bàbá Sanuka, mo ní, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àwa là ń kọ́ ọ. Bó bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ mi, á ṣí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. "Ó dáa. Tó bá kù dẹ̀dẹ̀, lọ ra ìkòkò tuntun. Èyí tó ní ẹnu fífẹ̀, kó lè rí i dáadáa."

Iṣẹ́ tèmi ni láti dán agbára sáfà wò, ìyẹn ẹ̀rọ tí yóò máa dá gbogbo àwọn ìyá àti ọmọ wọ̀nyí lóhùn. Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń ṣe é. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́. Ojú dúdú lásán ni, o ó tẹ àṣẹ sí i, yóò sì rán ọ̀wọ́ àlejò ayédèrú lọ kan ilẹ̀kùn sáfà. Lẹ́yìn náà ni yóò jábọ̀: àwọn tí ó wọlé, àwọ̀ ewé, àwọn tí ó ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, pupa.

Àmọ́ bí agbo ẹran ni àwọn àlejò rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo wọn ń kàn. Wọn kò mọ ìyá, wọn kò mọ ọmọ. Àwọn tí ó ṣe irinṣẹ́ náà kúkú fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn lè kọ àfikún sí i ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python, kí ó lè kọ́ àwọn àlejò náà ní ìwà ọmọlúwàbí. Èmi kò gbọ́ Python. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju kí n jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Dulari gbọ́ ọ. Abẹ́ mi ni ó ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Ẹ̀gbọ́n Tilak, ẹ wá wo àwọn ọmọ mi," ó wí, ó sì yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. "Ìdajì wọn jẹ́ ìyá, ìdajì jẹ́ ọmọ. Ìyá á gbé àwòrán sókè, ọmọ á wá ojú-ewé ìyá rẹ̀, á wò ó."

"Ìlà yìí ńkọ́?"

"Aago nìyẹn. Gbogbo wọn ló ń wo aago. Bí nékátà bá ti lù, wọ́n á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà."

"Lẹ́ẹ̀kan náà kẹ̀? Nínú àwọn ìwé tí mo kà, díẹ̀díẹ̀ ni àlejò ń wọlé, bí omi ṣe ń kún àgbá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kọ ìwé yẹn, ìyá ẹ̀ kì í gbé wàrà kaná. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ìyàwó yín máa ń dá iná ọdún ni?"

Dulari ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ gba ìpè láti ilé nítorí ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gá wa, Ọ̀gá Wijenayake, wọlé. Ó tẹ̀ síwájú sí kọ̀ǹpútà náà, ó ka àfikún náà, ó gbá mi lẹ́yìn.

"Tilak! Ìwọ lo kọ èyí? Mo rò pé o ti dàgbà jù fún Python. Àṣé ògbólógbòó ṣì lè fò!"

Ẹnu mi là. Mo fẹ́ sọ orúkọ Dulari. Ẹnu mi tún padé. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ pé rárá. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ìtìjú ìyìn ń pa. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ ìkànnì yìí, n kò la ẹnu pa á.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́. Dulari pàdé mi lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ pé ẹ bímọ láìlóyún."

"Dulari, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Kò sí wàhálà. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ọmọ yẹn burú o."

Lóòótọ́ ni ó burú. Nígbà tí a kọ́kọ́ rán àwọn àlejò náà jáde, aago lù, gbogbo wọn ya lu sáfà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú dúdú náà pọ́n láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni da ata sí i. Sáfà dákú. A jí i, a tún rán wọn, ó tún dákú. Kí a tó rí nǹkan ṣe sí i, ara ọmọ Dulari gbóná, ó gba ìsinmi, ó sì lọ sílé.

Ọ̀gá Wijenayake dúró lé mi lórí.

"Ọ̀la ni àwọn ẹgbẹ́ yẹn ń bọ̀ wá wo àbájáde. Ṣé pupa yìí la máa gbé fún wọn?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yá sáfà tó lágbára ju èyí lọ."

"Pẹ̀lú owó wo? Ẹgbẹ́ yẹn ò ní. Tí wọ́n bá rí pupa yìí, wọ́n á gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ wa. Ta ló máa wá parí ẹ̀ kí Àwúrúdù tó dé? Kò ní sí ìkànnì rárá lọ́dún yìí. Àfikún rẹ ló lábùkù, Tilak. Èwo ni kí gbogbo ayé wọlé ní ìṣẹ́jú kan? Ìrìn ìgárá ọlọ́ṣà nìyẹn. Ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ ni kó o tún un ṣe."

*Ìwọ lo kọ ọ́.* Ẹ rí bí ìdákẹ́jẹ́ mi ti di okùn sí mi lọ́rùn. Bí mo bá ní kí n pe Dulari, yóò hàn pé èmi kọ́ ni. Bí mo bá sì sọ pé àfikún náà tọ̀nà, kò ní sí ìkànnì, kò ní sí ojú-ewé, Sanuka kò ní rí nǹkan kan. Mo gbé e yẹ̀ wò síhìn-ín, mo gbé e yẹ̀ wò sọ́hùn-ún. Ibi gbogbo ni iná ń jó.

Ní ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ mu tíì. Òjò ń rọ̀. Mo ṣí àfikún náà. Mo ti wo Dulari tó láti mọ ibi tí aago náà wà. Mo pa á rẹ́. Ní ipò rẹ̀, mo kọ ọ́ kí àlejò kọ̀ọ̀kan yan àkókò tí ó bá wù ú láàárín wákàtí kan. Ìlà kan ṣoṣo ni. Mo tẹ àṣẹ náà.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àwọn tí ó wá kí aláìsàn. Ojú dúdú náà di àwọ̀ ewé bí oko ìrẹsì lẹ́yìn òjò. N kò tíì rí ohun tí ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sọ fún ara mi pé àwọn tí ó wà lókèèrè ti gbàgbé nékátà. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò wọlé. Nínú àpò mi, iṣẹ́ tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ wà nínú fóònù, tí ó ń jẹ́rìí takò mí.

Dulari pè mí láti ilé ìwòsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó yọrí! Kí lẹ ṣe sí sáfà?"

"A tún un ṣe díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ò fọwọ́ kan aago mi, àbí?"

"Rárá o. Kí ni mo fẹ́ fi aago ṣe?"

"Ẹ ṣeun. Màámi àgbà náà fẹ́ fi ìkòkò wọn han àbúrò mi tó wà ní Kuwait ni."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò gbádùn mọ́ mi lẹ́nu. Malkanthi kùn ilé ìdáná ní ẹfun. Ó din kàvúmù, àkàrà ọdún tí Sanuka fẹ́ràn, ó kó o sínú agolo tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí. Ó ní tí ọmọ náà bá ti sọ pé òun ń bọ̀, òun yóò fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ kejì. Ó ń rìn kiri pẹ̀lú fóònù, ó ń wá ibi tí kámẹ́rà yóò ti rí ẹnu ìkòkò.

"Ṣé ibí dáa, Bàbá Sanuka? Àbí èéfín á bò ó?"

"Ibẹ̀ dáa."

"Kí ló ṣe ojú rẹ? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ooru ni."

Nígbà tí ó ku ọ̀la, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sáré lọ bá Ọ̀gá Wijenayake, mo bá a níbi tí ó ti ń di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti jókòó.

"Ọ̀gá, sáfà yẹn ò ní lè dúró. Mo yọ aago kúrò."

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. "Tilak, wo títì. Ta lo rí? Gbogbo ayé ti gba abúlé lọ. Ọdún á gbè wá. Lọ sinmi." Ó sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Mo lè pe Dulari nígbà náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo lè pè é. Bí mo bá pè é, bóyá ohun kan yóò ṣeé ṣe. Ìtìjú di ìka mi mú lórí nọ́ńbà rẹ̀, mo sì fi fóònù padà sí àpò.

Ọdún wọlé. Iná ti kú ní gbogbo ilé bí ó ti yẹ, kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí ó jẹun, nítorí ohun kọ̀ọ̀kan ní nékátà tirẹ̀. Ní àárọ̀, Malkanthi wọ aṣọ aláwọ̀ tí àwọn awòràwọ̀ yàn, ó kọjú sí gúúsù níwájú ìdáná. Ẹyẹ kòhá ń ké lórí igi máńgòrò. Mo gbé fóònù dúró lórí àga, ojú rẹ̀ sí ìkòkò ẹlẹ́nu fífẹ̀.

Nékátà lù. Bàńgà dún káàkiri àdúgbò bí ẹni tú àgbàdo sórí páànù. Malkanthi ṣá iná. Mo tẹ ojú-ewé wa.

Ojú-ewé náà funfun. Òbìrí kékeré kan ń yí láàárín rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí.

"Ṣé ó ti wọlé?"

"Dúró díẹ̀."

Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo tún un tẹ̀. Òbìrí ń yí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti fóònù ṣubú sínú iná.

"Bàbá Sanuka, ó ti ń gòkè o. Ṣé ó ń wò ó?"

Ìyàwó mi, tí ó ti ṣe Àwúrúdù mẹ́ta láìbá ọmọ náà sọ̀rọ̀, tẹ̀ síwájú sí fóònù. Ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn ọmọdé.

"Sanuka, ọmọ mi, wò ó. Wo ìkòkò rẹ. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò."

Wàrà hó. Ó ṣàn kọjá etí ìkòkò, ó bọ́ sínú iná, ó ń dún ṣìì. Ojú-ewé náà funfun bí wàrà náà. Ìyá ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Fóònù dún. Malkanthi fò mọ́ ọn. "Òun ni!" Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sí gbangba kí a lè jọ gbọ́.

Dulari ni.

"Ẹ̀gbọ́n! Sáfà ti dákú! Gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe wí gan-an! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àfikún mi wò. Aago mi dà? Ta ló yọ aago mi? Ẹ fẹnu ara yín sọ fún mi pé ẹ ò fọwọ́ kàn án!"

Malkanthi gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Aago wo?" Malkanthi béèrè.

"Háà. Ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ẹ kú ọdún o."

"Má kí mi. Aago wo?"

Dulari mí kanlẹ̀. "Ìlà tó ń jẹ́ kí gbogbo wọn wọlé ní nékátà ni, Ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ìgbà tó wà níbẹ̀, sáfà dákú lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. Mo rò pé wọ́n ti tún un ṣe."

Malkanthi yí ojú sí mi. Omi wàrà kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀; kò nù ún.

"O mọ̀?"

"Malkanthi..."

"Mo ní, o mọ̀? Nígbà tí mò ń wá ibi tí kámẹ́rà máa wà, o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná nínú aṣọ ọdún. Kò sunkún. Ì bá sunkún ni, ì bá sàn fún mi.

Mo pe Ọ̀gá Wijenayake. Ariwo bàńgà kún ẹ̀yìn ohùn rẹ̀. "Tilak, ṣé orí rẹ pé? Nékátà iṣẹ́ ò tíì tó! Mi ò ní fi ọwọ́ ibi ṣí ọdún. Pè mí lọ́sàn-án." Ó gé e. Mo pe Sanuka. Fóònù rẹ̀ wà ní títì. Ó wà ní yàrá ìsinmi, níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo òbìrí tí ń yí.

Dulari ni ó tún pè. "Mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò tèmi wà lórí iná, mo ti fi í sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Bí ọdún yìí bá máa burú sí mi, kó burú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró."

Ó jí sáfà náà. Ojú-ewé wa ṣí níkẹyìn. Nékátà ti kọjá. Àwòrán kò ṣeé gbé sókè mọ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú nìkan ni ó wà níbẹ̀:

*Sanuka wọlé. Kò sí àwòrán. Sanuka ti jáde.*

Malkanthi kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni dá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ padà.

Mo kọ̀wé sí ọmọ náà lójú ẹsẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: sáfà, aago, ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo ya àwòrán ìkòkò náà, wàrà ṣì ń kán lára rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ìdáhùn dé ní ọ̀sán.

"Bàbá, láti kékeré lẹ ti ń parọ́ bo Màámi. Ẹ ní wọ́n ń béèrè mi. Mo bi ìyàwó àbúrò yín, ó ní wọn ò dárúkọ mi rí. Èèyàn lè gbé wàrà kaná nígbàkúùgbà, kó ya á. Ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni mo tọrọ. Ẹ ṣeun. Ẹ má bínú."

Lẹ́yìn èyí, n kò rí i pè mọ́. Malkanthi gba fóònù, ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i: "Sanuka, ó hó. Mo pè ọ́, o ò gbọ́ ni." Ohùn náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ òtítọ́ pọ́ńbélé fún ọmọ mi, àwọn òróró mi ti ba ojú òtítọ́ náà jẹ́.

Nígbà tí ọ́fíìsì ṣí, mo dúró níwájú Ọ̀gá Wijenayake àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, mo sọ ẹni tí ó kọ àfikún náà àti ẹni tí ó bà á jẹ́. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ítálì dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà sì ní ọmọ?" Ó jáde. Wọ́n fi Dulari sí ipò mi. Mo kó ẹrù mi pọ̀ láti máa lọ, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Mo ti dójú tì ọ́."

"Ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ́ Python. Bí ẹ bá lọ báyìí, ẹ̀yin nìkan lara máa tù."

Nílé, Malkanthi ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi. Àmọ́ kò pè mí ní Bàbá Sanuka mọ́. "Tilakasiri, oúnjẹ wà níbẹ̀." Ẹ̀yin tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ pè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ lè mọ bí orúkọ ara ẹni ti tutù tó ní etí. Agolo kàvúmù náà wà lórí pẹpẹ, a kò ṣí i, a kò dà á nù.

Ọdún yí po. Àwúrúdù tún sún mọ́lé. Ẹgbẹ́ náà ti rí sáfà tí ó lágbára, Dulari sì ní kí n kọ àfikún tuntun, èmi fúnra mi, kí òun máa wò mí. Ó dá aago padà sí ipò rẹ̀ lójú mi, ó sì fi ìka kàn án. "Èyí, Ẹ̀gbọ́n, ilé òrìṣà ni. A kì í wọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Ó yá, ẹ fún àwọn àlejò lórúkọ, ká lè mọ ẹni tó ṣubú."

Mo tẹ orúkọ ìyá àkọ́kọ́: Malkanthi. Mo tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀. Dulari rí i.

A rán wọn jáde. Aago lù. Gbogbo wọn ya lu sáfà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá lórí ìyá, ọmọ lórí ọmọ. Mo di etí tábìlì mú. Ojú dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọ̀ ewé jáde, ìlà àkọ́kọ́ sì ni pé: *Malkanthi gbé àwòrán sókè. Sanuka wọlé. Sanuka rí i.*

Mo gbé orí mi lé tábìlì, mo sì sunkún níwájú ẹni tí mo jí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Malkanthi ń rin àgbọn. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ẹ dán an wò?"

"A dán an wò. Gbogbo wọn wọlé ní nékátà. Kò wó."

"Ta ló kọ́kọ́ wọlé?"

Ọ̀nà òróró ṣí sílẹ̀ níwájú mi bí ti àtijọ́. Mo lè sọ ohun tí yóò dùn mọ́ ọn. N kò tọ ọ̀nà náà.

"Sanuka ni orúkọ tí mo fún un. Ayédèrú ni. Sanuka tiwa kò tíì fún mi lésì kankan. N kò mọ̀ bóyá ó máa wá."

Ó rin àgbọn náà títí irin fi kan èèpo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ.

"Bàbá Sanuka," ó wí, "lọ ra ìkòkò tuntun. Èyí tó ní ẹnu fífẹ̀."